Igi Tí A Kò Tíì Gé

Bí ènìyàn bá jókòó nínú ìjọ ní Ifẹ̀-Olúkòtún, tàbí ní ìlú Yàgbà mìíràn, tí oníwàásù sì dé orí ìrònúpìwàdà, kì í pẹ́ rárá tí yóò fi mẹ́nu ba àáké. Òótọ́ ni, àáké wà nínú Ìwé Mímọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá tú ọ̀rọ̀ náà wò, ìrònú ni ó ṣáájú kí ìwà tó pa dà. Ta ni ó sì lè ronú níbi tí wọ́n ti ń lé e kiri?

Nínú òwe tí ó wà ní Lúùkù orí 13, ọdún 3 ni olóko fi wá èso lórí igi ọ̀pọ̀tọ́ tí kò rí. Olùtọ́jú ọgbà bẹ̀bẹ̀ fún ọdún 1 sí i. Kò bẹ̀bẹ̀ lásán: ó ní òun yóò walẹ̀ yí i ká, òun yóò sì fi ìlẹ̀dú sí i. Àgbẹ̀ Òkun tí ó ti tọ́jú kòkó tàbí kọfí mọ bí iṣẹ́ náà ti tó. Ìpamọ́ra kì í ṣe ìfọwọ́lẹ́rán. Láti 1908 tí Tommy Titcombe, ará Kánádà, ti mú ìwàásù dé Ẹ̀gbẹ́, ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìwòsàn ni ó tẹ̀lé e.

Àwọn kan a ní irú ẹ̀kọ́ yìí ń sọ ẹlẹ́ṣẹ̀ di ọ̀lẹ. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ọdún 1 náà kúkú ní òpin. Ṣùgbọ́n Jésù kò sọ bóyá igi náà so ní ọdún kẹrin. Oníwàásù ni ó ń bá a parí ìtàn náà, àáké ni ó sì sábà máa ń fi parí rẹ̀.