Yàrá Kan àti Pálọ̀ ní Ìwàdé

Ní àdúgbò Ìwàdé, ní Ìjẹ̀bú-Òde, ilé alámọ̀ kan wà tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ lára, tí páànù orí rẹ̀ ti pọ́n bí osùn. Àdúgbò náà dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn fi lè gbọ́ ìró ìgbálẹ̀ láti ilé kẹta. Ọ̀dà pupa ni wọ́n fi kọ ọ́ sára ògiri iwájú pé: ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE FÚN TÍTÀ. Irú àkọlé bẹ́ẹ̀ kì í ṣàdédé wáyé. Ẹnìkan nínú ẹbí ti fẹ́ tà á rí.

Ẹni tó fẹ́ tà lọ́tẹ̀ yìí kò ní gbogbo ilé lọ́kàn. Yàrá kan àti pálọ̀ tó kan ìyá rẹ̀ ni. New York ni ó ń gbé, yàrá kan àti pálọ̀ náà ni ó sì ní níbẹ̀, nínú ilé àjọni. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, kì í ṣe yàrá gan-an ni ènìyàn ń rà. Ìpín ni ó ń rà nínú ilé-iṣẹ́ tó ni ilé, ìpín náà ló sì fún un láṣẹ láti gbé inú yàrá. Bí ó bá fẹ́ tà, ìgbìmọ̀ yóò pe ẹni tó fẹ́ rà jókòó, wọn yóò yẹ ìwé owó rẹ̀ wò, wọ́n sì lè kọ̀ ọ́ láìsọ ìdí. Bí wọ́n bá gbà, ó parí. Owó ilé-ìwé ọmọ ń lé ọkùnrin yìí kiri, ó sì rò pé bákan náà ni yóò rí nílé.

Ó wálé fún Ojúde Ọba, ọjọ́ kẹta Iléyá, nígbà tí àwọn régbérégbé ń jáde, tí wọ́n sì ń ṣí àwọn yàrá tó ti wà ní títì láti èṣí. Lẹ́yìn ọdún, olórí ẹbí pe ìpàdé. Obìnrin ni. Èyí lè ya àlejò lẹ́nu, ṣùgbọ́n ní Ìjẹ̀bú, ọmọ lè tọ ipasẹ̀ ìyá wọ ilé baba ńlá rẹ̀, kí ó sì gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ níbẹ̀. P. C. Lloyd kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ lórí òfin ilẹ̀ Yorùbá ní 1962. Bí kì í bá ṣe àṣà yìí, ọkùnrin náà kì bá tí ní yàrá kankan tí yóò máa fẹ́ tà.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, n kò ní kí a ta ilé. Tèmi nìkan ni.”

“Ọmọ mi, èwo ni tìrẹ?” ni ìyá àgbà wí. “Páànù tó bo yàrá ńkọ́? Kànga ńkọ́? Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ẹni tó bá rà á yóò gbà kọjá, ta ló ni ín?”

Òfin wà lẹ́yìn ìyá. Ní 1959, nínú ẹjọ́ Ekpendu àti Erika, ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Nàìjíríà sọ pé bí olórí ẹbí bá ta ilẹ̀ ẹbí láìgba ìyọ̀ǹda àwọn àgbà ẹbí, wọ́n lè wọ́ títà náà nílẹ̀. Bí àwọn àgbà bá tà á láìsí olórí ẹbí, kò tilẹ̀ sí títà kankan níbẹ̀. Kí wá ni ti ọmọ ẹbí kan ṣoṣo?

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣe bí ẹni pé àṣà yìí kò ní àbùkù. Páànù ilé náà ti ń jò fún ọdún púpọ̀, nítorí ẹni kọ̀ọ̀kan ń retí kí ẹlòmíràn kọ́kọ́ mówó jáde. Ọ̀pọ̀ ilé ẹbí ní Ìjẹ̀bú-Òde ló wó bẹ́ẹ̀, tí àkọlé ṣì wà lára ògiri tó kù.

Ṣùgbọ́n opó kan ló ń gbé inú yàrá náà, ọmọ ọmọ obìnrin nínú ilé. Òun ló ń gbálẹ̀ ibẹ̀, òun ló ń rin ewùrà lẹ́yìnkùlé, tó ń se ìkọ́kọrẹ́ tà. Ẹnu ọ̀nà ni ó jókòó sí nígbà ìpàdé, kò sì sọ̀rọ̀. Ọkùnrin náà kò mọ̀ pé ẹnìkan wà níbẹ̀. Láti ìgbà tó ti dé, ilé ìtura ni ó ń sùn.

Ẹbí fún un ní owó ọdún kan lórí ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé. Kò tó. Ó fi kọ́kọ́rọ́ yàrá lé opó náà lọ́wọ́, ó padà sí New York, ó sì gbé yàrá ti ibẹ̀ jáde fún títà.