Kí N Rà Á Báyìí, Àbí Kí N Ṣì Dúró?

 Ó ti tó oṣù mẹ́rin tí mo ti kọ nǹkan síbí kẹ́yìn. Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu mi. Ẹ̀rọ tí mo fi ń kọ ọ́ ni kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ mọ́. Láti ìgbà náà ni mo ti ń rò ó bóyá kí n ra kọ̀ǹpútà alágbèéká mìíràn lójú ẹsẹ̀, àbí kí n dúró de èyí tí ó ń bọ̀, tí gbogbo ènìyàn ń sọ pé yóò dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín, pàápàá ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ni ọ̀rọ̀ yìí ń jẹ lọ́kàn. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ sọ bí mo ṣe rò ó àti ibi tí mo rò ó já.

Kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí mo ń lo ẹ̀rọ fún, nítorí pé ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ tí ó fẹ́ ṣe kò lè mọ irinṣẹ́ tí yóò rà. Láti ọdún 2022 ni mo ti ń gba ohùn bàbá ahunṣọ kan sílẹ̀ ní Ìsẹ́yìn. Ọ̀rẹ́ baba mi ni, ó sì ti lé ní ọmọ 80 ọdún. Gbogbo ọ̀rọ̀ iṣẹ́ òfì tí ó mọ̀ ni mo ń bi í: orúkọ ohun èlò, orúkọ àwọn aṣọ tí gbogbo wa ń gbọ́, bí ẹtù, sányán àti àlàárì, àti orúkọ àwọn ọnà ara aṣọ tí èmi kò gbọ́ rí lẹ́nu ẹlòmíràn. Wákàtí 46 ni ohùn náà. Bí mo bá ti kọ díẹ̀ nínú rẹ̀ sílẹ̀, n ó tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, n ó gbé e lọ bá Bàbá, n ó máa kà á sí i létí, òun náà yóò sì máa tún un ṣe. Òun nìkan ni ó lè sọ fún mi pé ohùn tí mo fi sórí ọ̀rọ̀ kan kò tọ̀nà. Ẹ sì mọ̀ pé ẹni tí ó ti lé ní 80 ọdún kì í ṣe ẹni tí à ń sọ fún pé kí ó dúró dè wá títí di ọdún mẹ́ta òní.

Ẹ̀rọ mi àtijọ́, ọdún 2016 ni mo rà á. RAM inú rẹ̀ jẹ́ 4 GB. Fún àǹfààní ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, RAM ni tábìlì tí kọ̀ǹpútà ti ń ṣiṣẹ́; díìsìkì ni àpótí tí ó ń kó ẹrù sí. Àpótí lè tóbi bí ilé, bí tábìlì bá kéré, ìnira ni. Tábìlì tèmi kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí mo bá ṣí ohùn Bàbá sílẹ̀ tí mo sì ń tẹ̀wé lọ́wọ́, ohùn náà yóò dákẹ́ lójijì, yóò tún padà dé. Ní ọjọ́ kan tí mo gbé e dé Ìsẹ́yìn, tí a jókòó tí a ń wò ó kí ó tó jí, Bàbá wò mí, ó ní, “Ọmọ mi, ṣé ẹ̀rọ tìrẹ náà ń dúró de òwú ni?”

Ohun àkọ́kọ́ tí ó wá sí mi lọ́kàn ni kí n tún èyí tí mo ní ṣe. Ìmọ̀ràn tí mo sì máa ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn: ẹ yọ díìsìkì àtijọ́ tí ń yí bíi rẹ́kọ́ọ̀dù, ẹ fi SSD sí i, ẹ fi RAM kún un, ẹ ó sì rí i pé arúgbó yóò máa sáré. Ṣùgbọ́n nínú ẹ̀rọ tèmi, òjé ni ilé iṣẹ́ fi lẹ RAM mọ́ pátákó inú rẹ̀. Kò sí ihò kankan tí a lè ki òmíràn bọ̀. Bátìrì rẹ̀ kò sì lè gbé e fún ìṣẹ́jú 20 bí iná bá lọ. Ní ti Windows 10 tí ó wà lórí rẹ̀, ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft dáwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ rẹ̀ dúró fún gbogbo ènìyàn, àfi ẹni tí ó bá forúkọ sílẹ̀ fún ìtọ́jú àfikún ọdún kan. (Ẹ rántí pé àwọn kan náà ni wọ́n kà á dé 8, tí wọ́n fo 9, tí wọ́n bọ́ sórí 10. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé ohun tí ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.) Windows 11 kò gba ẹ̀rọ mi wọlé, nítorí pé ọpọlọ rẹ̀ ti dàgbà jù. Linux ìbá gbà á, ṣùgbọ́n Linux kò lè sọ 4 GB di 8.

Mo fọ̀rọ̀ lọ àbúrò mi tí ó jẹ́ pé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni ó ń ṣe. Kò tilẹ̀ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ní sùúrù. Èyí tí yóò jáde lọ́dún tí ń bọ̀ yóò yára ju èyí lọ, owó rẹ̀ kò sì ní pọ̀ jù ú.”

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìpìlẹ̀. Ní ọdún 1965 ni Gordon Moore kọ ọ́ pé iye ẹ̀yà tí a lè tò sórí ègé kan ń di ìlọ́po méjì lọ́dọọdún. Ní ọdún 1975 ó tún un ṣe sí ọdún méjì-méjì. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ọjà kọ̀ǹpútà ti ń tẹ̀ lé e: bí o bá dúró, ó dára sí i, ó sì pọ́ sí i. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2020, Apple mú ẹ̀rọ M1 jáde. Ẹni tí ó ra MacBook Air ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn ní ẹ̀tọ́ láti fi ìka àbámọ̀ bọnu, nítorí pé láàárín oṣù kan ni èyí tí ó yára jù ú lọ, tí bátìrì rẹ̀ sì ń pẹ́ jù ú lọ, dé sórí àtẹ ní iye kan náà. Ìrètí yìí lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń sọ pé ó pa ilé iṣẹ́ kan. Osborne ni orúkọ rẹ̀, ní Amẹ́ríkà; ó ń ta kọ̀ǹpútà tí a lè gbé kiri láti ọdún 1981. Nígbà tí ó kéde pé èyí tí ó dára jù ń bọ̀, àwọn oníbàárà káwọ́ gbera, wọn kò ra èyí tí ó wà nílẹ̀ mọ́, ní ọdún 1983 ó wọko gbèsè. Àwọn mìíràn ní ohun tí ó pa á ju ìyẹn lọ, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ṣì fi ń pe irú àkóbá bẹ́ẹ̀ títí di òní.

Ibi tí èmi àti àbúrò mi ti yà fún ara wa ni pé ìṣirò Moore kò mọ náírà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, dọ́là kan kò tó 470 náírà lójú ìwé ìjọba. Ní oṣù kẹfà ọdún náà ni Báńkì Àpapọ̀ tú okùn náírà sílẹ̀, nígbà tí ó sì máa fi di oṣù kejì ọdún 2024, dọ́là kan ti kọjá 1,500. Ẹ jẹ́ kí a mú ẹ̀rọ 300 dọ́là wò. Bí a bá ka dọ́là sí 460, náírà 138,000 ni. Bí a bá kà á sí 1,500, ó di 450,000. Òótọ́ ni pé àwọn oníṣòwò tí ń ra dọ́là lẹ́yìn báńkì ti ń san ju iye ìjọba lọ ṣáájú ìgbà yẹn, ṣùgbọ́n tiwọn náà fò sókè ju ìlọ́po méjì lọ. Ẹni tí ó fi ọdún kan dúró de ẹ̀rọ tí ó yára ju tàná lọ, nígbà tí yóò fi padà dé ọjà, owó ọwọ́ rẹ̀ kò ra tàná pàápàá mọ́. Bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo fi ń difá ọrọọrún.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ RAM fúnra rẹ̀ tún dé. Láti ìdajì kejì ọdún 2025, iye RAM bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè kárí ayé, nítorí pé àwọn ilé iṣẹ́ mẹ́ta tí ó ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù níbẹ̀, Samsung, SK Hynix àti Micron, dojú iṣẹ́ wọn kọ irú èyí tí àwọn ilé kọ̀ǹpútà ńlá ń lò fún AI. Ní oṣù kejìlá ọdún náà, Micron kéde pé òun kò ní ta RAM Crucial fún mẹ̀kúnnù mọ́. Èyí tí ó ń bọ̀ yára lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ni ó sọ pé yóò pọ́?

Ẹ jẹ́ kí n yà sí èdè díẹ̀, ẹ mọ̀ pé n kò lè ṣe é kí n má yà. Ẹ kíyè sí i pé nínú Yorùbá, “dúró” kan náà ni a ń lò fún ẹni tí ó ń retí àti fún ohun tí kò lọ mọ́. A ń dúró de ọkọ̀. Ọkọ̀ náà sì ń dúró. Bí a bá ní iṣẹ́ dúró, kò sí ẹni tí yóò rò pé iṣẹ́ náà ń retí nǹkan. Èmi ń dúró de ẹ̀rọ; iṣẹ́ Bàbá dúró. Oṣù mẹ́rin gbáko, n kò fi ojú ìwé kan kún un.

Ó wá ku irú èyí tí n ó rà. Agbára mi kò ká tuntun, nítorí náà tòkunbọ̀ ni. Orúkọ ọmọ tí a bí sí ìdálẹ̀ tí a sì gbé wá sílé ni Tòkunbọ̀ tẹ́lẹ̀; lónìí, mọ́tò, fíríìjì àti kọ̀ǹpútà ti gba orúkọ náà mọ́ ọmọ lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ wa ni ó jẹ́ ti ọ́fíìsì ní Bìrìtéènì tàbí Amẹ́ríkà, tí wọ́n lò fún ọdún mélòó kan kí wọ́n tó pààrọ̀ rẹ̀. Ìyẹn ni pé àwọn tí kò lè dúró lọ́hùn-ún ni ó ń bọ́ àwa tí à ń ra àlòkù níhìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: nígbà tí Windows 10 kógbá wọlé, àwọn ẹ̀rọ tí Windows 11 kọ̀ gan-an ni àwọn ọ́fíìsì ń kó dànù. Bí ẹ bá rí i tí àlòkù kan pọ́ ju bí ó ti yẹ lọ, ẹ bèèrè ọjọ́ orí ọpọlọ rẹ̀. Ti Intel, ìran kẹjọ sókè ni kí ẹ wá.

ThinkPad T480 ni mo fọkàn sí. Ọdún 2018 ni Lenovo mú un jáde, ìran kẹjọ ni. Ihò RAM méjì ni ó ní. Bátìrì méjì ni ó lè gbé, ọ̀kan nínú, ọ̀kan lẹ́yìn, tí a lè yọ tẹ̀yìn kí a fi òmíràn sí i láìpa ẹ̀rọ. Ẹni tí ó bá mọ bí iná ṣe ń lọ ní Ìbàdàn yóò mọ ìdí tí mo fi fẹ́ràn ìyẹn. Ṣùgbọ́n T470 jọ ọ́ bí ìbejì, ti ìṣáájú sì ni. Windows 11 kò gbà á. T480s náà wà. Lẹ́tà kan péré ni ó fi jù, ṣùgbọ́n nínú T480s, wọ́n ti fi òjé lẹ apá kan RAM mọ́ pátákó, bátìrì ẹ̀yìn kò sì sí. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹtu inú igbó, ẹtù tí à ń wọ̀ àti ẹ̀tù inú ìbọn, ẹ kò ní sọ pé lẹ́tà kan kò tó nǹkan.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tí mo bá ní òpópónà Ọ̀tìgbá ní Ìkẹjà kọ́kọ́ gbé T470 fún mi. “Bàbá mi, ìkan náà ni wọ́n o.” Mo yí ẹ̀yìn rẹ̀ sókè, mo ka nọ́ńbà rẹ̀ sí i létí, ó rẹ́rìn-ín, ó sì lọ gbé T480 wá. Mo ní kí ó ṣí inú rẹ̀: RAM 8 GB wà nínú ihò kan, ìkejì ṣófo. Ó fẹ́ kí n ra 8 GB sí i lójú ẹsẹ̀. Mo ní rárá. Fún ohùn àti ọ̀rọ̀, 8 GB tó mi báyìí. Bí owó RAM bá wálẹ̀, ihò wà níbẹ̀. Ìdúró tí àbúrò mi ń sọ, mo lè máa dúró náà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ yóò máa lọ. Kí n tó sanwó, mo tẹ ẹtu, ẹtù, ẹ̀tù sórí rẹ̀. Nínú Unicode, ẹ ní ààyè tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀ kò ní. Àmì ohùn ni a ń gbé lé e lórí, bí lẹ́tà inú ẹ̀rọ kò bá sì dára, àmì náà yóò fò lọ sí ẹ̀gbẹ́. Gbogbo rẹ̀ jókòó dáadáa.

N kò sọ pé kí gbogbo yín sáré lọ rà o. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní tí fóònù rẹ̀ ṣì ń ṣe gbogbo ohun tí ó nílò lè fi owó rẹ̀ sápò. Ẹni tí ó ń ṣe fídíò yóò rí i pé T480 kò lè gbé ẹrù rẹ̀, ó sàn kí ìyẹn tú owó jọ sí i. Àbúrò mi ṣì ní ẹ̀rọ tí mo rà ti gbó. Òótọ́ ni; ẹ̀rọ tuntun yóò fi í sílẹ̀ sẹ́yìn láìwẹ̀yìn.

Ní ọjọ́ Sátidé tí ó kọjá, mo gbé ojú ìwé 14 lọ sí Ìsẹ́yìn. Ojú ìwé kejì ni Bàbá ti dá mi dúró: orúkọ ọnà kan tí mo fi ohùn òkè sí ní ìparí, ó ní ohùn ìsàlẹ̀ ni, ó sì pè é lẹ́ẹ̀mẹta kí ó lè dá a lójú pé mo gbọ́. Wákàtí 29 ni ó ṣì kù.

Ó dìgbà kan ná o.