Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Nínú Ọ̀gìnnìtìn Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ̀yin ìyá, bí ẹ bá rìn ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù Kejìlá, ẹ lè rí ohun kan nínú ọgbà tí ó dàbí ènìyàn tí ó da aṣọ bora. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni. Kì í ṣe àgbagbà tiwa o; Musa basjoo ni, gúúsù ilẹ̀ Ṣáínà ni ó ti ṣẹ̀, ẹwà ewé rẹ̀ ni wọ́n sì ṣe ń gbìn ín.

Bí ìrì dídì bá ti sọ ewé rẹ̀ di dúdú, wọn a gé e, wọn a fi wáyà yí igi rẹ̀ ká, wọn a sì ki koríko gbígbẹ sí i. Ẹ bo orí rẹ̀ dáadáa, nítorí bí òjò bá wọ inú rẹ̀, yóò jẹrà. Òru tí ìràwọ̀ yọ kedere ni kí ẹ bẹ̀rù; ìkùukùu ni aṣọ ìbora ilẹ̀. Bí igi náà tilẹ̀ kú, tí ìdí rẹ̀ kò bá dì, ọmọ yóò hù nígbà tí ooru bá dé.

Ewúro inú ìkòkò yín ńkọ́? Ẹ má dán an wò níta. Ẹ gbé e wọlé, sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, kí oṣù Kọkànlá tó dé.