Ta Ló Ń Retí Wa Láàárọ̀ Yìí?

 Ẹ̀yin tí ẹ gba ìwé iṣẹ́ láàárín 1976 sí 1990, tí ẹ sì ti gbàwé ìfẹ̀yìntì délé báyìí, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin tíṣà, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin akọ̀wé sẹkitéríátì, ẹ̀yin tí ẹ tẹ táípù títí ìka fi le. Ẹ fàga sún mọ́ ibí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ náà, ẹ jókòó tì wá. Ẹ ó mọ ìdí tí bàbá yín fi ń jí láago mẹ́rin ààbọ̀ nígbà tí kò síbi tó ń lọ.

Ara wa kò tíì gbọ́ pé a ti fẹ̀yìn tì. Kò sí áláàmù, àkùkọ kò tíì kọ, ojú ti là. A ó wẹ̀, a ó para, a ó wá jókòó sí pálọ̀, a ó máa wo ògiri. Bó bá di alẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọwọ́ ẹlòmíì nínú wa ṣì ń wá áyọ́ọ̀nù kiri. Aṣọ wo lẹ fẹ́ lọ̀, ẹ̀yin èèyàn mi?

Ẹ̀yin ọmọ wa, ohun tó sọ wá dà báyìí rèé. Níbi iṣẹ́ wa, ìwé ńlá kan wà lórí tábìlì nítòsí ẹnu ọ̀nà. Táìmùbúùkù là ń pè é. Kó o tó kí ẹnikẹ́ni, orúkọ rẹ ni wàá kọ́kọ́ kọ síbẹ̀, wàá kọ aago tó o dé, wàá sì tọwọ́ bọ̀ ọ́. Bí àsìkò bá ti pé, ọ̀gá á fi bírò pupa fa ìlà gbọọrọ sábẹ́ orúkọ ẹni tó dé kẹ́yìn. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá bọ́ sábẹ́ ìlà yẹn, ó ti pẹ́ nìyẹn. Bóyá ọkọ̀ ló bà jẹ́ lọ́nà, bóyá ọmọ ló ń ṣàìsàn mọ́jú, ìlà pupa kò mọ ìyẹn. Bàbá ọlọ́mọ mẹ́fà á máa sáré nínú ọgbà ọ́fíìsì, táì á máa fò lé e léjìká, kí wọ́n má baà fàlà pa á.

Ẹ rẹ́rìn-ín, àwa náà ń rẹ́rìn-ín. Ti àwọn tíṣà tún wá le jù. Agogo ni tiwọn. Agogo dún, wọ́n dìde. Agogo dún, wọ́n jókòó. Títí dòní, bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì bá dún ládùúgbò, ẹ ó rí tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì tó ń tọ́ kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ṣe.

A sì rí nǹkan o! Ta ni kò rántí 1984, tí a tò lórí ìlà nítorí ṣúgà, mílíìkì àti ọṣẹ, tí sójà sì dúró tì wá kí ẹnikẹ́ni má baà já ìlà? Ta ni kò rántí Sáàpù, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tó wọlé ní 1986? Ẹni tó ń tọ́jú owó láti ra Fọ́kísí ìjàpá tuntun kàn rí i pé owó náà kò ra ju ẹsẹ̀ ọkọ̀ lọ. Ibẹ̀ ni tòkúnbọ̀ ti di ọ̀rẹ́ wa.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní sẹkitéríátì Agodi n'Ìbàdàn, ẹ ò ní gbàgbé ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 1991, tí wọ́n yọ Ọ̀ṣun kúrò lára Ọ̀yọ́. Ẹni tẹ́ ẹ ti jọ ń jẹun ọ̀sán láti ọ̀pọ̀ ọdún wá, ẹ bá a di fáìlì sínú páálí, ó di Òṣogbo. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, ó kan àwọn ará Àkúrẹ́: Èkìtì dá dúró ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá ọdún 1996, ẹlòmíì kó ẹrù lọ sí Adó, ìyàwó àti ọmọ dúró lẹ́yìn títí ilé ìwé fi parí.

Ní 1981, òfin ní náírà 125 ni owó oṣù òṣìṣẹ́ tó kéré jù lọ. Ní 2024, ó di náírà 70,000. Ọ̀nà tó wà láàárín iye méjèèjì yìí, ẹsẹ̀ la fi rìn ín.

Ṣùgbọ́n a gbádùn. Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká parọ́. A gbádùn owó líìfù. A gbádùn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, tó yá wa lówó nígbà tí ilé ìwé bá fẹ́ wọlé, tó sì bá ọ̀pọ̀ nínú wa kọ́lé ní yàrá kọ̀ọ̀kan: lọ́dún yìí wíńdò, lọ́dún tó ń bọ̀ páànù. A gbádùn àmàlà lẹ́yìn ọ́fíìsì. Ìyá alámàlà ní ìwé tiẹ̀, gbogbo ọ̀gá tó ń pàṣẹ fún wa ló wà nínú rẹ̀, iye tí wọ́n jẹ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ wọn. Lọ́jọ́ tí owó bá wọlé, òun la kọ́kọ́ ń rí kí ìyàwó ilé tó gbọ́.

Báyìí la ṣe ṣe é títí ó fi pé. Òfin iṣẹ́ ìjọba kò le: ọgọ́ta ọdún láyé tàbí ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, èyí tó bá kọ́kọ́ dé. Ní 2022 ni òfin wá sún ti àwọn tíṣà sí ọdún 65 láyé tàbí 40 lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ tíṣà ẹgbẹ́ wa ti délé kó tó dé.

Wọ́n ṣe ayẹyẹ fún wa. Aṣọ ẹbí, ìdúpẹ́, jọ̀lọ́ọ̀fù, àti ọ̀rọ̀ ìyìn látẹnu ẹni tí kò gbà fún wa rí ní mítìn. Wọ́n fún wa ní fèrèmù tí àwòrán wa wà nínú rẹ̀, wọ́n sì fún wa ní aago ara ògiri. Ọjọ́ tí aago kò pàṣẹ fún wa mọ́ gan-an ni wọ́n gbé aago fún wa!

Oṣù àkọ́kọ́ dùn. A sùn, a lọ sílé, a kí àwọn tó ti pẹ́ tá a ti kí, a jẹ gbogbo ìnáwó tí wọ́n pè wá sí àti èyí tí wọn kò pè wá sí. Lẹ́yìn ìyẹn, ilé wá bẹ̀rẹ̀ sí í fún.

Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ bá mi sọ òótọ́. Ilé tí a rò pé àwa la ni, a rí i pé ó ti ní olówó ẹ̀ tipẹ́. A wọ ilé ìdáná lọ béèrè ìdí tí gáàsì fi tètè tán. A ka ẹran inú ìkòkò. A ní kí wọ́n máa kọ iye iyọ̀ tí wọ́n ń lò sílẹ̀, bí ẹni tó ń yẹ ìwé ìṣirò ẹ̀ka kan wò. Ìyàwó wò wá títí, ó rọra ní, "Bàbá Ṣẹ́gun, ẹ ò ní yà kí Alhaji lónìí ni?" A dìde, a wọ bàtà, a lọ kí Alhaji. Ìgbà tá a débẹ̀, Alhaji náà ti jókòó síta. Wọ́n ti lé òun náà jáde.

Ẹ̀yin obìnrin, tiyín yàtọ̀. Ẹ ò tíì tú aṣọ iṣẹ́ tán tí ọmọ ti pè láti Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston pé òun ti bímọ, Màmá ẹ máa bọ̀. Ẹ gbé ọmọ pọ̀n, ẹ se ọbẹ̀, ẹ wẹ ọmọ, òtútù ń mú egungun, kò sẹ́ni tí ẹ lè kí láàárọ̀ lójúde. Iṣẹ́ nìyẹn náà, kò sì ní táìmùbúùkù. Bàbá tó kù nílé, índómì ló ń sè láàárọ̀, tó tún ń sè lálẹ́.

Ohun tó dùn wá jù kò tíì dénú ọ̀rọ̀ yìí. Fóònù tó máa ń dún títí tí a fi ń pa á, ó dákẹ́. A gbé e wò bóyá ó ti bà jẹ́. Ó ku díẹ̀ ká ní kí ọmọ ilé pè é wò. Lọ́jọ́ kan, a ṣàdédé ya ọ́fíìsì, a ní ká kàn kí wọn. Ọmọ ọdún méjìlélógún ló jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ó dọ̀bálẹ̀ dáadáa, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ sà. Ta lẹ wá rí?"

Ta la wá rí? Ara wa la wá rí. A ní kò burú, a ń kọjá lọ ni.

Ọ̀rọ̀ owó ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ láìfi bò. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999, ní abala 173 àti 210, ní kí wọ́n máa ṣe àtúnyẹ̀wò owó ìfẹ̀yìntì ní ọdún márùn-ún márùn-ún, tàbí nígbàkigbà tí wọ́n bá ṣàtúnyẹ̀wò owó oṣù, èyí tó bá kọ́kọ́ dé. Inú ìwé ló wà. Ẹ wo iye tó ń wọ àkáǹtì àwọn tó fẹ̀yìn tì láyé tí owó oṣù tó kéré jù jẹ́ náírà 18,000, kí ẹ wá sọ fún mi bóyá òfin náà ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Gírátúítì ńkọ́? Àwọn kan ń dúró dè é títí tí ọmọ fi ń gbà á lórúkọ òkú. Gbèsè tí ìjọba jẹ wá ni, kì í ṣe àánú la ń tọrọ. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. A kò gbọdọ̀ dákẹ́.

Kí wọ́n tó san èyí tí wọ́n ń san pàápàá, a ó kọ́kọ́ fi hàn pé a kò tíì kú. Nígbà kan, inú oòrùn la ti ń tò, tọ̀pátọ̀pá, pẹ̀lú fáìlì lábíyá. Àwọn tí ń gba owó lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ ti ń ṣe é lórí fóònù báyìí. Ọmọọmọ á gbé fóònù sójú ìyá àgbà: "Grandma, ẹ wojú kámẹ́rà dáadáa." Ìyá á gún gèlè, á tún ojú ṣe, á rẹ́rìn-ín músẹ́. Bí wọ́n bá fẹ́ rí i pé a wà láàyè, kí wọ́n rí i pé a rẹwà!

Àwọn tó sì gba gírátúítì wọn lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ṣọ́ra o. Gbogbo ayé ló ń gbọ́ òórùn gírátúítì. Ẹni tó ní ká fi sí ẹja, ẹni tó ní adìyẹ ló kù, ọmọ onílẹ̀ tó ń ta ilẹ̀ kan fún ẹni mẹ́ta, àti ẹni tó ní owó á di ìlọ́po méjì kí oṣù tó parí. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n? Gbogbo wa la mọ ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Síbẹ̀, ẹ wo àárín wa dáadáa. Kì í ṣe ẹni tówó rẹ̀ pọ̀ jù lára rẹ̀ ń dán jù. Mo ti wò ó títí, ohun kan ni mo sì rí: ẹni tí ẹnì kan ń retí ni ara ń yá. Ìlà pupa ayé ọjọ́sí, bó ṣe le tó un, ohun tó ń sọ fún wa láràárọ̀ ni pé wọ́n ń retí wa. Òun ló já mọ́ wa lọ́wọ́, tí a sì rò pé owó oṣù ni.

Tíṣà ìṣirò kan wà ládùúgbò wa tó ń kọ́ ọmọ lábẹ́ igi máńgòrò nírọ̀lẹ́. Bí kò bá tètè jáde, àwọn ọmọ á wá kan ilẹ̀kùn. Nọ́ọ̀sì kan ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru fáwọn èèyàn lẹ́yìn ìsìn. Àwọn ìyá á ti fa apá aṣọ sókè kó tó dé. Akọ̀wé àtijọ́ kan ló ń kọ lẹ́tà fún ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù, kò sì sẹ́ni tó lè bá a du kọ́mà. Kò sí owó ńlá níbẹ̀. Àwọn èèyàn yìí kò ráyè kú.

Ní ìpàdé àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì tiwa, a ti tún gbé ìwé orúkọ jáde. Akọ̀wé á pe orúkọ, a ó dáhùn pé "Wà!" bí ọmọ ilé ìwé, a ó sì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan kò bá dáhùn, tí kò sì ránṣẹ́, ẹni méjì á lọ sílé rẹ̀ kó tó di alẹ́. Wọ́n ti bá ẹnì kan báyìí rí lórí ibùsùn, ibà ti dè é mọ́lẹ̀, ọmọ kò sí nítòsí, omi mímu pàápàá kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sọ́sibítù lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó ń bá wa dáhùn "Wà!" dòní, ohùn rẹ̀ ló sì máa ń ròkè jù.

Ẹ̀yin àbúrò wa tí ẹ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, ogún ọdún ń bọ̀ wá dọ̀la. Ẹ tọ́jú ìwé ìgbaniṣíṣẹ́ àkọ́kọ́ àti gbogbo ìwé ìgbéga yín. Ẹ rí i pé ọjọ́ ìbí yín bára mu nínú gbogbo fáìlì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lábẹ́ ètò owó ìfẹ̀yìntì tuntun, òfin rẹ̀ ti 2014 ní kí a yọ ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún lára owó yín, kí ẹni tó gbà yín síṣẹ́ san ìdá 10. Ẹ máa yẹ àkáǹtì wò bóyá ó ń wọlé ní tòótọ́. Ẹ sì ní ọ̀rẹ́ tí kì í pè yín ní ọ̀gá. Ẹ ní ohun kan tí ẹ mọ̀ ọ́n ṣe tí kò bá àga ọ́fíìsì lọ.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ wa, iṣẹ́ tiwa kò le. Ẹ gbé fóònù, ẹ wá ẹnì kan tí ẹ jọ ṣiṣẹ́ rí, tó ti pẹ́ tí ẹ ti gbúròó rẹ̀. Ẹ má kàn fi àdúrà òwúrọ̀ ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp. Ẹ pè é, ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀. Ẹ dá ọjọ́, ẹ dá ibi, ẹ dá aago. Kí olúkúlùkù wa ní ibì kan tí wọ́n á ti bínú sí i gidigidi bí kò bá yọjú.