Irin Ẹ̀yìn àti Ìyẹ́ Amòòkùn

Ẹni tí ó bá mọ Ọ̀bà-Ilé yóò rẹ́rìn-ín bí ó bá gbọ́ pé ọmọ ibẹ̀ kan ń da ara rẹ̀ láàmú nítorí ohun èlò ìmòòkùn. Ìlú wa kò sí ní etí òkun, bẹ́ẹ̀ ni kò ní ọ̀sà. Oko kòkó ni a mọ̀, a mọ ọ̀nà tí ó ti Àkúrẹ́ lọ sí Ọ̀wọ̀, a sì mọ ariwo ọkọ̀ òfuurufú, nítorí pé pápá ọkọ̀ òfuurufú Àkúrẹ́ kò jìnnà sí wa rárá. Ṣùgbọ́n Ìpínlẹ̀ Oǹdó kan náà tí ó ni wá ni ó ni ilẹ̀ Ìlàjẹ, níbi tí òkun ti ń gba ilé mọ́ àwọn ará Ayétòrò lọ́wọ́. Ẹ̀kọ́ nípa òkun ni mo sì yàn láti kọ́ ní yunifásítì. Lójú tèmi, ẹni tí ó ń kọ́ nípa òkun tí kò fẹ́ wọ inú rẹ̀ dà bí ẹni tí ó ń ka ìwé nípa ọbẹ̀ tí kò fẹ́ tọ́ ọ wò.

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí mo ń wí, nítorí kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó ti rí i. Láti ọdún 1943 tí Jacques Cousteau àti Émile Gagnan ti ilẹ̀ Faransé ti ṣe ẹ̀rọ tí ó jẹ́ kí ènìyàn lè máa mí láti inú sílíńdà lábẹ́ omi, amòòkùn kò nílò kí a ti òkè fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i mọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀já lásán ni wọ́n fi ń de sílíńdà mọ́ ẹ̀yìn. Nígbà tí ó pẹ́, wọ́n fi àpò kan kún un tí a lè fẹ́ afẹ́fẹ́ sí, tí a sì lè tú u sílẹ̀, kí amòòkùn má baà máa rì bí òkúta. Lóde òní, púpọ̀ nínú àwọn tí ń mòòkùn ń wọ àpò yìí bí ẹ̀wù, tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ yí ìhà àti àyà ká. Àwọn mìíràn kò wọ ẹ̀wù. Irin pẹlẹbẹ kan ni wọ́n ń gbé kọ́ ẹ̀yìn, tí àwọn Òyìnbó ń pè ní backplate; ọ̀já ni ó dè é mọ́ ara wọn, àpò afẹ́fẹ́ sì wà láàárín irin náà àti sílíńdà. Wing ni wọ́n ń pe àpò yìí, nítorí pé bí afẹ́fẹ́ bá kún inú rẹ̀, yóò na apá sí ọ̀tún àti òsì bí ìyẹ́ ẹyẹ. Irin ẹ̀yìn àti ìyẹ́ ni n óò máa pè wọ́n.

Èyí tí a fi irin ẹ̀yìn ṣe ni mo fẹ́. Afẹ́fẹ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn, kò fún àyà pa, amòòkùn sì lè na ara gbọọrọ bí ẹja. Àbùkù kan tí mo mọ̀ nípa rẹ̀ ni pé bí ènìyàn bá fẹ́ ẹ ní àfẹ́jù lójú omi, yóò máa ti ojú onítọ̀hún síwájú sínú omi. Ẹ̀wù kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀.

Owó wá di ọ̀rọ̀. Màmá mi ni ó ni owó tí mo fẹ́ fi rà á, owó kòkó sì ni, èyí tí a kì í fi ṣeré. Mo jókòó tì wọ́n, mo ṣe gbogbo àlàyé. Wọ́n gbọ́ mi títí, wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, irin ni o ní o máa pọ̀n, òjé ni o ní o máa so mọ́ ìdí. Kí ni yóò wá gbé ọ padà sókè?"

Mo ní, "Ìyẹ́ náà ni, Màmá."

Wọ́n ní, "Bí ìyẹ́ náà bá wá lu ńkọ́?"

Wọ́n ní ọjọ́ tí mo bá rí èsì ìbéèrè yẹn ni kí n wá gba owó. Mo ti ṣe ìdánwò púpọ̀ ní yunifásítì, ṣùgbọ́n n kò tíì bá ìbéèrè tí ó tó èyí pàdé.

Kì í ṣe pé Màmá kò mọ ohun tí òkun lè ṣe. Wọ́n mọ ìtàn Harrison Okene, alásè inú ọkọ̀ Jascon-4 tí ó rì ní ọjọ́ 26 oṣù karùn-ún ọdún 2013, ní nǹkan bí kìlómítà 30 sí etíkun Escravos. Àwọn 12 ni ó wà nínú ọkọ̀ náà. Òun nìkan ni ó yè. Ọkọ̀ dojú dé sí ìsàlẹ̀ òkun ní nǹkan bí mítà 30, Okene sì wà nínú yàrá kan tí afẹ́fẹ́ díẹ̀ ṣẹ́kù sí, nínú òkùnkùn àti òtútù, fún bí 60 wákàtí, kí àwọn amòòkùn tí ó wá gbé òkú tó kàn án lọ́wọ́. Wọn kò lè mú un jáde sí ojú omi lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, nítorí ìyẹn ìbá pa á. Inú ìyẹ̀wù ìmòòkùn ni wọ́n mú un sí, ó sì lo ju ọjọ́ méjì lọ níbẹ̀ kí ara rẹ̀ tó bá ayé òkè mu. (Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ níhìn-ín pé irú àwọn amòòkùn wọ̀nyẹn kì í lo ìyẹ́; okùn àti ọ̀pá rọ́bà ni ó so wọ́n mọ́ òkè.) Okene fúnra rẹ̀ ti di amòòkùn, ní ọdún 2015 ni ó gba ìwé ẹ̀rí. Mo rò pé ìtàn yìí yóò ràn mí lọ́wọ́ lọ́dọ̀ Màmá. Ohun tí wọ́n rí dì mú nínú rẹ̀ ni pé gbígbé ènìyàn sókè kíákíá lè pa á.

Ibẹ̀ gan-an sì ni kókó ọ̀rọ̀ wà, bí mo ti wá rí i lẹ́yìn náà.

Mo lọ sí Èkó lọ bá ọkùnrin kan tí ń ta ohun èlò wọ̀nyí. Ọlọ́yàyà ènìyàn ni. Ó kó irin ẹ̀yìn kan sílẹ̀ fún mi, irin tí kì í dógùn-ún, tí ó wúwo tó kílò 2.7, ó sì mú ìyẹ́ ńlá kan tì í tí ó lè gbé kílò 27 nínú omi. Ó ní, "Ọ̀gá mi, èyí kò sí ohun tí kò lè gbé. Bí ó bá ti tóbi tó ni ọkàn yín yóò ti balẹ̀ tó." Mo dúpẹ́, mo ní n óò padà wá. Mo lọ jókòó, mo mú ìwé àti bírò.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ìyẹ́ kì í gbé amòòkùn padà sókè. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ó ń gbé e padà, pẹ̀lú bàtà rọ́bà tí ó rí bí ìrù ẹja. Iṣẹ́ ìyẹ́ kò ju pé kí ó san gbèsè ìwúwo tí ó bá ṣẹ́kù lọ, kí amòòkùn má rì, kí ó má sì léfòó. Ẹ wo àwọ̀n àwọn apẹja Ìlàjẹ: òjé wà ní etí ìsàlẹ̀, ohun tí ń léfòó wà ní etí òkè. Bí ọ̀kan bá ju èkejì lọ jù, àwọ̀n kò ní dúró bí ó ti yẹ.

Èló wá ni gbèsè náà? Afẹ́fẹ́ ní ìwúwo. Sílíńdà alumíníọ̀mù lítà 11 tí a rọ afẹ́fẹ́ sí títí agbára rẹ̀ fi di ìlọ́po 200 ti ìta, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ nìkan tó kílò méjì àbọ̀ ó lé díẹ̀. Bí amòòkùn ti ń mí in tán ni ẹrù ń fúyẹ́, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwúwo yìí kí ó má baà léfòó nígbà tí ó bá kù díẹ̀ kí ó jáde. Aṣọ rọ́bà tí ó wọ̀ ni èkejì. Afẹ́fẹ́ wà nínú rọ́bà náà, ó sì ń gbé ènìyàn lórí omi. Ṣùgbọ́n ní mítà 10 agbára tí ń tẹ̀ ẹ́ ti di ìlọ́po méjì, ní mítà 20 ó di ìlọ́po mẹ́ta, rọ́bà á fún pọ̀, kò sì ní lè gbé ènìyàn bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Omi òkun tiwa kò tutù, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó fún wa, nítorí náà ohun tí yóò sọnù níbẹ̀ kò pọ̀. Mo ro ó pọ̀: gbogbo gbèsè náà kò tó kílò márùn-ún. Ìyẹ́ tí ó lè gbé kílò 13 ti ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ. Kí ni n óò fi ti kílò 27 ṣe? Ti ẹni tí ó pọn sílíńdà méjì ni.

Ìyẹ́ tí ó tóbi jù kì í ṣe ààbò. Bí afẹ́fẹ́ díẹ̀ bá wà nínú rẹ̀, yóò ká mọ́ sílíńdà, afẹ́fẹ́ á fara pamọ́ sí ibi tí ó ká, kò sì ní tètè jáde nígbà tí a bá fa fáàfù. Robert Boyle ti sọ ọ́ láti ọdún 1662 pé bí agbára tí ń tẹ afẹ́fẹ́ bá dín kù, afẹ́fẹ́ á gbòòrò: lítà kan ní mítà 20 á di lítà mẹ́ta lójú omi. Bí ó bá ti ń gbé ọ lọ sókè ni yóò máa wú sí i, bí ó bá sì ti ń wú sí i ni yóò máa yára gbé ọ. Ẹni tí ó bá di èémí mú nírú àkókò bẹ́ẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ lè ya.

Nígbà náà ni mo padà sórí irin ẹ̀yìn. Ẹni tí ó bá gbé irin kílò 2.7 kọ́ ẹ̀yìn kò ní so òjé púpọ̀, àwọn tí ń mòòkùn sì fẹ́ràn rẹ̀ nítorí èyí. Bí sílíńdà bá jẹ́ alumíníọ̀mù, n kò ní ohun tí mo lè sọ sí i. Ṣùgbọ́n èmi kò ní sílíńdà tèmi. Èyí tí mo bá rí yá ni n óò lò, bí ó bá sì jẹ́ sílíńdà irin, tí kì í léfòó bí afẹ́fẹ́ rẹ̀ tilẹ̀ tán, mo ti wúwo jù pẹ̀lú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kò sì sí òjé kankan tí mo lè tú jùnù. Ènìyàn kò lè tú irin ẹ̀yìn jùnù lábẹ́ omi kí ó má bá afẹ́fẹ́ tí ó ń mí lọ. Nítorí náà alumíníọ̀mù ni mo yàn fún irin ẹ̀yìn pẹ̀lú, èyí tí kò tó kílò kan, kí ìwúwo yòókù jẹ́ òjé tí ọwọ́ mi lè dé.

N kò tilẹ̀ rà á. Oníwẹ́dà kan nílé ni ó gé e fún mi, ó tẹ̀ ẹ́ ní àárín kí ó gba sílíńdà, ó sì lu ihò méjì sí i tí ìwọ̀n àárín wọn jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 28, nítorí pé ìwọ̀n yẹn ni gbogbo ìyẹ́ bá mu. Mo dúró tì í títí ó fi fi fáìlì ra gbogbo etí rẹ̀, nítorí etí irin tí ó mú yóò gé ọ̀já. Ọ̀já náà jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, ó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà márùn-ún, ó gba èjìká méjèèjì kọjá sí ìbàdí láìsí ìsopọ̀ oníke tí ó lè ṣẹ́. Òmíràn gba àárín itan kọjá kí ẹrù má baà yọ́ lọ sí orí. Mo fi ọ̀bẹ kékeré kan há ìbàdí nítorí àwọ̀n àwọn apẹja. Omi wa ṣókùnkùn, ọwọ́ ni yóò ríran níbẹ̀. Nígbà tí mo wọ̀ ọ́ han Màmá, wọ́n fa ọ̀já náà wò, wọ́n ní kò le tó, ọmọ yóò yọ̀. Wọ́n bá mi tún un dè, ó sì dára ju bí mo ti dè é lọ.

Ìyẹ́ nìkan ni n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rán fún mi. Èyí ni mo wá tìtorí rẹ̀ padà sọ́dọ̀ Màmá, pẹ̀lú èsì. Mo ní, "Màmá, bí ó bá lu, òjé mi jẹ́ kílò mẹ́rin nínú òkun. Méjì wà lára sílíńdà, méjì wà ní ìgbànú. N óò tú ti ìgbànú sílẹ̀, ohun tí ó kù kò ju ohun tí ẹsẹ̀ mi lè gbé lọ. N kò ní tú gbogbo rẹ̀, kí n má baà fò sókè."

Wọ́n ní, "O ti dán an wò?"

Mo ní rárá, nítorí n kò tíì ní ìyẹ́. Wọ́n rò ó fún ìgbà pípẹ́, wọ́n fún mi ní owó ìyẹ́, wọ́n sì fún mi ní owó ọkọ̀ sí adágún ìlúwẹ̀ẹ́ ní Èkó. Ti òkun, wọ́n ní a ó sọ ọ́ nígbà tí mo bá dé.

Mo dán an wò nínú adágún náà pẹ̀lú olùkọ́ mi. Omi tí kò ní iyọ̀ kì í gbé ènìyàn tó ti òkun, nítorí náà kílò méjì péré ni mo so níbẹ̀. Mo dúró títí sílíńdà mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, mo tú gbogbo afẹ́fẹ́ inú ìyẹ́ jáde, mo sì dúró ní mítà mẹ́ta láì rì, láì léfòó. Lẹ́yìn náà a rọ afẹ́fẹ́ sí sílíńdà padà kí ó wúwo, mo lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá pẹ̀lú ìyẹ́ òfìfo, mo sì fi ẹsẹ̀ lúwẹ̀ẹ́ wá sókè, mo ń mí jáde díẹ̀díẹ̀. Olùkọ́ mi kọ gbogbo iye náà sínú ìwé kékeré kan, ó fọwọ́ sí i. Ìwé yẹn wà lọ́wọ́ Màmá báyìí, lábẹ́ ìrọ̀rí wọn.