Ilẹ̀ Ni Kò Sí

Iná gbá mi lẹ́nu ní Treichville, ní Abidjan. Mi ò pa òwe o. Iná ìjọba gan-an, èyí tó ń gba inú wáyà kọjá, ló ta mí ní ètè ìsàlẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, nígbà tí mo sún mọ́ máìkì láti sọ "wán, tú" tí gbogbo wa máa ń sọ. Ọwọ́ mi wà lórí okùn gìtá, ètè mi kan irin. Ohun tó kàn tí mo mọ̀ ni pé mo ti jókòó sórí àpótí míníráà, tí onígángan wa ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n rin nígbáàyà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe débẹ̀ ná. Ọ̀gá wa wọ bàálù. Ọ̀gá lọ̀gá ń jẹ́. Àwa ọmọ ẹgbẹ́ jùjú rẹ̀ gba orí títì, nítorí owó tí olóde tó pè wá wá ṣeré ìgbéyàwó fi ránṣẹ́ kò lè gbé ju ẹnì kan lọ sí òfuurufú. Sẹ̀mẹ̀, Kùtọnu, Lomé, Accra, Takoradi, Elubo: orúkọ wọn ni mo rántí, oorun ni mo fi ọ̀pọ̀ nínú wọn sùn. Ọ̀nà náà tó nǹkan bíi 1,000 kìlómítà láti Èkó, ó sì la orílẹ̀-èdè márùn-ún tí a bá ka tiwa mọ́ ọn. Ibi tó gùn jù nínú rẹ̀ ni àárín Badagry sí Sẹ̀mẹ̀, bẹ́ẹ̀ lórí máàpù ìka kan ló bò ó mọ́lẹ̀. Okùn tí wọ́n ta há ojú ọ̀nà níbẹ̀ pọ̀ ju okùn ara gìtá mi lọ. Mẹ́fà péré sì ni tèmi, wọ́n sì wúlò.

Ní ẹnubodè kan tí mi ò ní dárúkọ, òṣìṣẹ́ kan ní kí n ṣí páálí gìtá mi. Mo ṣí i. Ó ní ọjà ni. Mo ní, "Ọ̀gá, irinṣẹ́ mi ni." Ó béèrè rìsíìtì. Ta ní ń tọ́jú rìsíìtì gìtá tó ti lo ọdún mọ́kànlá, tí òógùn ti bó ọ̀dà lára rẹ̀ ní ibi tí apá ń sinmi lé? Ló bá fi èékánná fa okùn kìíní. Ó dún tín-ín, bí ẹ̀fọn tó ti rẹ̀. Ó ní, "Kò dún." Mo ṣàlàyé pé gìtá oníná ni, pé bí a kò bá so ó mọ́ áńpù, ariwo rẹ̀ kò lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Gìtá tí kò dún, kí lo fẹ́ fi ṣe?" Owó tí mo san níbẹ̀, owó gìtá tí kò dún ni. Láti 1979 ni àwọn olórí ECOWAS ti fọwọ́ sí ìwé pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ èkejì, kó lo 90 ọjọ́ níbẹ̀ láìgba físà. Ó jọ pé ìwé náà ṣì wà lójú ọ̀nà, kò tíì dé ọwọ́ àwọn tó ń jókòó sí ẹnubodè. Bóyá òun náà kò ní rìsíìtì.

A dé Abidjan ní òru Ọjọ́bọ̀. Láàárọ̀, wọ́n gbé attiéké àti ẹja tuna díndín síwájú wa, àlùbọ́sà àti ata tútù lórí rẹ̀. Garba ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Attiéké yìí, ọmọ ẹ̀gẹ́ bíi gàrí ni, ṣùgbọ́n ooru omi ni wọ́n fi sè é. Onígángan wa ní gàrí tó kàwé ni.

Ó wù mí láti rí ìlú yìí láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ gìtá. Bí onígìtá bá ń gbọ́ àwo àtijọ́, yóò bá Abidjan pàdé níbi púpọ̀. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ olórin Les Ambassadeurs sá wá láti Bamako ní 1978, Salif Keita lẹ́nu máìkì, Kanté Manfila nídìí gìtá, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti ṣe "Mandjou". Ibẹ̀ ni Sam Mangwana kó àwọn olórin ọmọ Congo jọ sí, tí gìtá Lokassa ya Mbongo fi wọ etí gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Mo rò pé mo ń lọ sí ilé gìtá ni. Mo sì di ẹrù lọ bí ẹni tó fẹ́ fi hàn wọ́n: pẹ́dàlì márùn-ún, kébù mẹ́ta, okùn tuntun páálí méjì, àti áńpù wọ́ọ̀tì 30 tí mi ò kì í fi sílẹ̀ lẹ́yìn, nítorí ohùn rẹ̀ mọ́.

Ọmọ Èjìgbò ló pè wá, ó ń gbé ọmọ rẹ̀ obìnrin fọ́kọ. Ẹni tó bá mọ Èjìgbò ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun mọ̀ pé ọkọ̀ ń gbéra níbẹ̀ lọ tààrà sí Abidjan, bí ẹni ń lọ sí Òṣogbo. Anàgó ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀. Ọmọdé ibẹ̀ á kí ọ ní "ẹ kú àbọ̀" tó fi orúnkún kanlẹ̀, kó tó dìde á ti fi Faransé bá ẹnìkejì rẹ̀ jà.

Àgbàlá ilé àtijọ́ kan la ti fẹ́ ṣeré lọ́jọ́ Sátidé. Àwọn tó ni ẹ̀rọ ohùn ti fa iná mísà wọn láti ilé alájà tuntun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, èmi sì fa tèmi láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé àtijọ́ náà. Púlọ́ọ̀gì mi, ti Nàìjíríà, ẹsẹ̀ mẹ́ta gbàgùdù. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dẹ̀dẹ̀, ihò roboto méjì. Ọmọ onílé sáré ra àdápítọ̀ kan wá ní ìta. Ẹsẹ̀ mẹ́ta wọ inú rẹ̀, ẹsẹ̀ méjì jáde. Mi ò bi ara mi léèrè ibi tí ẹsẹ̀ kẹta wọ̀.

Bí mo ṣe tan áńpù ló bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Gbogbo onígìtá mọ kíkùn yìí. Iná ìjọba lágbègbè wa ń lọ ó ń bọ̀ ní ìgbà 50 láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan, ohùn tí ìyẹn ń mú jáde sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá G ìsàlẹ̀ mu. Bí orin bá wà ní G, o lè fi pamọ́ sábẹ́ báàsì kí ẹnikẹ́ni má mọ̀. Ohùn ọ̀gá wa kì í gbé G. Ní A la máa ń kọrin, kíkùn yìí á wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ orin bí àna tí wọn kò pè. Mo yọ pẹ́dàlì kìíní, ó ń kùn. Mo yọ gbogbo wọn, ó ń kùn. Mo pààrọ̀ kébù. Mo pààrọ̀ okùn, mo ní bóyá atẹ́gùn ọ̀sà ti mú wọn dípẹtà. Mo fi wákàtí méjì jà. Ìgbà tí mo bá gbé ọwọ́ lé okùn, ó á rọlẹ̀ díẹ̀. Bí mo bá gbé e kúrò, ó á tún gòkè. Ìgbà yẹn ni mo lọ sídìí máìkì, tí iná gbá mi lẹ́nu.

Bàbá kan ní ìsọ̀ lẹ́nu ọ̀nà àgbàlá náà, rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ló ń tún ṣe. Igbe mi ló gbé e wọlé. Ó tó ẹni àádọ́rin ọdún, sálúbàtà lẹ́sẹ̀, tẹ́sítà nínú àpò àyà. Kò bi mí léèrè ọ̀rọ̀ kankan. Ó fi ẹnu tẹ́sítà kan irin tí okùn gìtá jókòó lé. Gílóòbù kékeré inú rẹ̀ pọ́n yòò.

Ó ní, "Ilẹ̀ ni kò sí."

Mo wo ẹsẹ̀ mi. Mo ní, "Bàbá, ilẹ̀ rèé, wọ́n tiẹ̀ ti da sìmẹ́ńtì sí i."

Ẹ̀rín pa á. "La terre! Ilẹ̀ iná ni mò ń wí, ọmọ mi. Àwọn tó ni máìkì ní ilẹ̀. Ìwọ ò ní. Ara rẹ lo fi ṣe wáyà láàrin wọn."

Ó fa púlọ́ọ̀gì mi yọ, ó mú ẹ̀mú, ó gé e sọnù. Igbe tí mo ké nígbà yẹn ju ti iná lọ. Kò dá mi lóhùn. Ó bó rọ́bà, ó na wáyà mẹ́ta sílẹ̀ lórí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀: aláwọ̀ búráùn, aláwọ̀ ojú ọ̀run, àti aláwọ̀ ewé tó ní ilà yẹ́lò.

"Méjì yìí ló ń ṣiṣẹ́," ó ní. "Ẹ̀kẹta yìí kì í ṣe nǹkan kan. Ó kàn jókòó ni. Bí àwọn méjì yìí bá jà lọ́jọ́ kan, òun ló máa gba ìyà náà kó má bàa kan ọmọ ènìyàn. Bí àgbà ilé ni. Àdápítọ̀ yín yẹn, àgbà ló yọ dànù."

Ó mú púlọ́ọ̀gì Faransé kan jáde nínú àpótí rẹ̀. Ó fi ihò kan hàn mí lójú rẹ̀. Ní ilé alájà yẹn, irin kékeré kan yọrí jáde lára sọ́kẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀, ìyẹn ló ń wọ inú ihò yìí. Bàbá ní, "Ẹ̀yin ará Nàìjíríà, ẹsẹ̀ yín lẹ fi ń lọ bá ilẹ̀. Níhìn-ín, ilẹ̀ ló ń yọ jáde wá bá ọ." Ó de wáyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó fà wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó pa á dé. Lẹ́yìn náà ló fa wáyà gígùn kan láti ilé alájà, ó ní kí mísà àti áńpù jọ ti ibẹ̀ mu iná. "Ẹ má jẹun nínú ìkòkò méjì."

Mo tan áńpù. Ìdákẹ́jẹ́ ló kọ́kọ́ jáde. Mo gbọ́ ìyá kan tó ń gún ata ní ìkangun àgbàlá. Mo ta okùn mẹ́ta ìsàlẹ̀, ohùn gìtá sì jáde bí omi inú àmù, ó tutù, ó mọ́, kò ní ìdọ̀tí kankan nísàlẹ̀. Ọdún mélòó ni mo ti ń fi owó pẹ́dàlì wá ohùn yìí!

Mo nawọ́ owó sí Bàbá, kò gbà. Ó ní kí n ta orin Ernesto Djédjé, olórin ilẹ̀ wọn, fún òun. Mo gbìyànjú ziglibithy, irú orin tí Djédjé ń kọ, ṣùgbọ́n àtàńpàkò mi ń sá lọ sílé. Bàbá dá mi dúró: "Má fi jùjú sí i." Lẹ́yìn náà ló bi mí bóyá mo mọ ibi tí wọ́n ti ṣe "Ziboté", àwo tó sọ Djédjé di ìlú mọ̀ọ́ká ní 1977. Mo ní Abidjan ni. Ó ní, "Èkó ni. Èkó yín. Ilé iṣẹ́ EMI. Badmos ló sanwó rẹ̀." Raïmi Gbadamassi ni Badmos yẹn, oníṣòwò tó ni ilé àwo Badmos ní Abidjan. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Gbàdàmọ́sí, ẹ kò nílò ìtumọ̀. Djédjé kú ní 1983, kò tíì pé ẹni ogójì ọdún. Èmi tí mo wá ilé gìtá lọ sí Abidjan, òun ti wá ohùn tirẹ̀ wá sí Èkó kí wọ́n tó bí mi.

Nípa ìnáwó náà, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ìyàwó dùn ún wò, owó fọ́n ká. Ẹni tó bá ń wo ẹgbẹ́ orin yóò rí i pé iwájú olórin ni wọ́n ń nọ́wó sí, lẹ́yìn náà onígángan tó ń ki wọ́n. Ẹ̀yìn ni onígìtá máa ń wà. Bí ó bá ta gìtá dáadáa, kò sẹ́ni tó mọ̀. Ọjọ́ tí gìtá bá kùn ni gbogbo ojú á yí sí i. Láti ìgbà tí Ayinde Bakare ti fi iná sí gìtá nínú jùjú ní 1949 la ti di ọmọ iná. Inú rẹ̀ la ti ń jẹun, síbẹ̀ a kì í kọ́ ọmọ iṣẹ́ wa nípa rẹ̀. À ń kọ́ wọn ní ìka, à ń kọ́ wọn ní pẹ́dàlì. Ní 1972, ní Swansea ní Wales, Les Harvey, onígìtá ẹgbẹ́ Stone the Crows, fọwọ́ kan máìkì tí ilẹ̀ rẹ̀ kò pé, ó sì kú lórí ìtàgé lójú èrò. Mo ti mọ ìtàn yẹn tipẹ́. Ìtàn òyìnbó ni mo pè é, títí ètè mi fi wú ní Treichville.

Nígbà tí mo padà dé Èkó, áńpù mi ṣì ní ẹnu Faransé. Wọ́n ní kí n ra àdápítọ̀. Mo ra púlọ́ọ̀gì tuntun dípò rẹ̀, mo mú ẹ̀mú, mo gé ti Bàbá kúrò, ó dùn mí díẹ̀. Aláwọ̀ ewé ni mo kọ́kọ́ dè. Àwọn ọmọdé ẹgbẹ́ wa tó ń béèrè irú pẹ́dàlì tí mo rà bọ̀ láti Abidjan, sukudiráfà ni mo máa ń nà sí wọn.