Ta Ni Yóò Ṣe Onídùúró fún Ọmọ Ẹlẹ́lùbọ́?

Bí ènìyàn bá rí lọ́yà nínú kóòtù, tó dé wíìgì, tó wọ gáùn dúdú, tó ń pe adájọ́ ní "Olúwa mi", ohun tó máa ń sọ sí ọkàn ni pé ọmọ olówó lèyí. Òótọ́ ni pé àwọn ọmọ olówó wà nínú wa. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbọn gáùn ọ̀pọ̀ nínú wa dáadáa, èlùbọ́ ni yóò máa dà sílẹ̀, tàbí ata gígún, tàbí sìmẹ́ńtì, ìyẹn ohun tí òbí wa tà tàbí ohun tí wọ́n rù kí gáùn náà tó dé ọrùn wa. Tèmi, èlùbọ́ ni.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kí Law School tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó ní 1963, Ìlú Ọba ni ẹni tó bá fẹ́ di agbẹjọ́rò ń lọ. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti ṣe akọ̀ròyìn, ó ti ra kòkó tà, ó ti fi ọkọ̀ ṣòwò, òwò sì ti dẹnu kọlẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́ rí, kí ó tó rí ọ̀nà lọ sí Lọ́ńdọ́nù ní 1944. Ọmọ ọdún 35 ni nígbà náà, ó ti níyàwó, ó ti bímọ. Ìyàwó rẹ̀ ló dúró sílé, tó ń ṣòwò, tó ń bọ́ àwọn ọmọ, títí tí wọ́n fi pe ọkọ rẹ̀ sí iṣẹ́ agbẹjọ́rò ní 1946. Ẹ ò rí i pé obìnrin ọlọ́jà ti ń sọ ènìyàn di lọ́yà tipẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí àwọn ará ìta kì í mọ̀. Ọdún márùn-ún ni ọmọ tó wọlé láti girama fi ń kọ́ ìmọ̀ òfin ní yunifásítì. Bí ó bá parí rẹ̀, kò tíì di lọ́yà o! Ó ku Law School. Ọdún márùn-ún yẹn, ènìyàn lè máa fi ọgbọ́n lẹ̀ ẹ́ pọ̀: lónìí a tọrọ, lọ́la a ṣiṣẹ́, lọ́túnla a jẹ gààrí sùn. Law School kò gba irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀. Owó gọbọi ni, ìgbà tí ènìyàn sì fẹ́ wọlé ni wọ́n ń gbà á. Tí ẹ bá wọlé tán, kíláàsì lójoojúmọ́, iṣẹ́ àṣetiléwá lálaalẹ́, kóòtù àti ọ́fíìsì lọ́yà tí wọ́n á rán yín lọ láti lọ wo bí wọ́n ti ń ṣe é. Ìgbà wo lẹ fẹ́ ṣiṣẹ́ owó? Nígbà tèmi, ní 2015, owó ilé-ẹ̀kọ́ náà nìkan kò jìnnà sí ₦300,000. Ní 2024 wọ́n gbé e dé ₦476,000. Kóòtù dúdú, ṣẹ́ẹ̀tì funfun, wíìgì àti gáùn, ẹ lọ wá tiwọn lọ́tọ̀.

Ní yunifásítì, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa fún mi ní ₦25,000 lọ́dọọdún. Gbọ̀ngàn ìlú ni wọ́n ti ń fún wa, wọn a ya fọ́tò wa, baálẹ̀ a gbàdúrà, a ó sì jókòó gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyànjú fún wákàtí mẹ́ta. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn títí dòní. Ti ìjọba ìpínlẹ̀ wa ńkọ́? Ìbàdàn la ń gbé, a kì í ṣe ọmọ ibẹ̀, n kò sì ní dárúkọ ibi tí a ti wá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kọ fọ́ọ̀mù básárì wọn, mo ya fọ́tò pélébé títí ojú mi fi sú mi. Àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn ń fún àwọn ọmọ wọn tó wà ní Law School lówó, ó ń dé ọ̀dọ̀ wọn. Tèmi ni kò dé.

Iṣẹ́ tí mo ṣe ni títẹ ìwé ní ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́bàá kóòtù Ìyágànkú. Ẹni tí ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ sọnù, ẹni tó fẹ́ búra ọjọ́ orí, ẹni tí fóònù rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ olè, èmi ni mò ń tẹ ìwé ìbúra wọn. Mo ti mọ èdè kóòtù kí olùkọ́ tó kọ́ mi. Iṣẹ́ náà fún mi ní oúnjẹ àti owó fọ́tókọ́pì. Ṣùgbọ́n ₦300,000 ṣe máa ti inú rẹ̀ jáde?

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ṣe dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ọjà wa. Ìyá mi ní ₦180,000 níbẹ̀, ìlọ́po méjì ohun tí ènìyàn bá ní ni wọ́n sì ń yá a. Ọjọ́ tí a lọ, akọ̀wé wo ìyá mi.

"Màmá, ṣé ẹ fẹ́ fi kún ọjà ni?"

"Ọmọ mi ló fẹ́ lọ di lọ́yà."

"Lọ́yà kì í ṣe ọjà tí a ń kó sí ṣọ́ọ̀bù o. Ta ló máa dúró fún un yín?"

Onídùúró méjì ni òfin ẹgbẹ́ béèrè, bí ẹni tó yáwó kò bá sì san, àwọn ni wọn yóò gbá mú. Bàbá alápatà fọwọ́ sí i, kò sọ nǹkan kan. Ìyá alátà tó ṣìkejì ní tirẹ̀ ní, "Ẹ kọ orúkọ mi síbẹ̀. Tó bá di lọ́yà, á bá mi gba ṣọ́ọ̀bù mi lọ́wọ́ onílé. Tí kò bá dì í, kó wá bá mi ta ata."

Wọ́n yọ èlé kúrò lórí ₦360,000 náà kí ó tó tẹ̀ wá lọ́wọ́. ₦324,000 ni ìyá mi kà sí mi lọ́wọ́. Oṣù 18 la fẹ́ fi san án, ₦20,000 lóṣooṣù. Ní ọjọ́ ìpàdé, akápò a máa pe orúkọ ẹni tí kò bá san, sókè, lójú gbogbo ọjà. Ẹ wò ó, ìyẹn ló ń jí mi lóru ní Law School. Ẹlòmíràn ń bẹ̀rù ìdánwò nítorí ara rẹ̀. Èmi, bí mo bá fìdí rẹmi, owó ata ìyá oníyàá ni wọn yóò yọ.

Mo yege, wọ́n pè mí ní 2016. Nígbà tí mo di agùnbánirọ̀, ₦19,800 ni ìjọba ń san fún wa lóṣù nígbà náà, ₦20,000 sì ni gbèsè. Mo ń wá ₦200 kún un, mo ń fi ránṣẹ́, mo sì ń jẹ lára ohun tí ọ̀gá lọ́yà tí mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀ bá fún mi. Ìgbà tí mo wá wo káàdì ìyá mi ni mo rí i pé oṣù méjì kan wà tí orúkọ Ìyá Alátà wà níwájú owó. Àìsàn ti dá ìyá mi gúnlẹ̀ nígbà tí mo wà ní Law School. Kò sí ẹni tó sọ fún mi. Mo bi Ìyá Alátà, ó ní, "Ṣé ìwé lo fẹ́ kà ni, àbí àìsàn?"

Ọmọ aládùúgbò wa kan wà ní ọdún kẹta ìmọ̀ òfin báyìí, ẹ̀yáwó ìjọba ló fi ń kàwé, ti NELFUND. Ìjọba ti dán irú rẹ̀ wò rí ní ọdún 1972 síwájú, ọ̀pọ̀ tó yáwó kò san án padà, ètò náà sì kú. Òfin tuntun tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní 2023 tún fẹ́ onídùúró, wọ́n sì pa á tì fún ti 2024 tí kò béèrè rẹ̀. Kò sí èlé lórí rẹ̀. Ilé-ìwé ni wọ́n ń sanwó fún tààrà, wọ́n sì ń fún ọmọ ní ₦20,000 lóṣù fún ìjẹun. Ó di ọdún méjì lẹ́yìn tó bá sin ìlú tán kí wọ́n tó máa yọ ìdá mẹ́wàá owó oṣù rẹ̀. Ó dára, mo fara mọ́ ọn. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ kò ní ẹgbẹ́ lọ́jà náà yẹ kó kàwé. Ohun kan ṣoṣo tó ń kọ mí lóminú ni pé gbèsè náà kò lójú. Kò sí akápò tí yóò pe orúkọ ẹnikẹ́ni.

Ohun tí mo sọ fún ọmọbìnrin náà ni pé kí ẹ̀yáwó máa gbé owó yunifásítì, kí ó má fọwọ́ kan owó irun tó ń dì ní òpin ọ̀sẹ̀, nítorí Law School ń bọ̀. Ó ti ní ₦140,000 lọ́wọ́ alájọ. Mo ní kí ó gbà á kúrò níbẹ̀. Ohun tí a bá dá fún alájọ náà ni yóò dá padà, yóò sì tún yọ ti ọjọ́ kan. Alájẹṣẹ́kù yóò sọ ₦140,000 di ₦280,000 lọ́jọ́ tó bá fẹ́ yá a.

"Bùọ̀dá, ta ló máa wá dúró fún mi?"

Mo ní èmi á ṣe ọ̀kan, kó lọ bá Ìyá Alátà fún ìkejì. Ó lọ. Ìyá Alátà ní òun ti gbọ́, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ jókòó, kó bá òun di ṣùkú.